Ère àti Ọmọ: Ìrókò Tí a Fi Ẹ̀ka Gbìn àti Gbèsè Tí a Jẹ Igbó

Ìfáárà

Ìtàn Olúrónbí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó gbọ́ àlọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn obìnrin ìlú kan ń wá ọmọ. Wọ́n lọ sí ìdí Ìrókò Olúwéré, kálukú sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ ohun tí agbára rẹ̀ gbé. Àwọn kan ṣèlérí ẹran ọ̀sìn, àwọn mìíràn ṣèlérí ohun ọ̀gbìn. Olúrónbí nìkan ni ó ní bí òun bá lè rí ọmọ bí, ọmọ náà gan-an ni òun yóò fi dúpẹ́. Ó bímọ, ọmọ náà sì wù ú débi pé kò lè mú ẹ̀jẹ́ rẹ̀ ṣẹ. Ìrókò mú un nígbà tí ó ń kọjá lọ, ó sọ ọ́ di ẹyẹ. Ní ọ̀nà kan tí a ń gbà pa ìtàn náà, ọkọ rẹ̀, tí ó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, gbẹ́ ère kan tí ó jọ ọmọ wọn, ó wọ̀ ọ́ láṣọ, ó gbé e sí ìdí igi. Ìrókò gba ère náà bí ẹni gba ọmọ, ó sì dá Olúrónbí sílẹ̀.

A sábà máa ń fi ìtàn yìí kọ́ ọmọdé pé kí ènìyàn má ṣe ṣèlérí ohun tí kò ní lè san. Ẹ̀kọ́ náà dára. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan fara pamọ́ sínú ìtàn náà tí a kì í tú yẹ̀ wò: ǹjẹ́ ère lè san gbèsè ọmọ? Nínú àlọ́, ó san án. Ìrókò kò béèrè ìdí tí ọmọ náà kò fi mí, kò sì béèrè ìgbà tí yóò bí tirẹ̀.

Lónìí, àwa ni a jẹ Ìrókò ní gbèsè, kì í sì í ṣe nínú àlọ́. Láti ìgbà ìjọba àwọn òyìnbó títí di òní ni a ti ń gé igi yìí ní igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí a ń là á ní pákó, tí a ń kó o lọ sí òkè òkun. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ń gbà wá àtisan án ni ẹ̀ka gbígbìn: a óò gé ọ̀mùnú lára igi kan, a óò mú kí ó ta gbòǹgbò, yóò sì di igi tí àbùdá rẹ̀ bá ti igi àkọ́kọ́ mu délẹ̀délẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé irinṣẹ́ tí ó dára ni ẹ̀ka gbígbìn, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kọ́ ni ìsanpadà. Gbèsè ọmọ ni a jẹ igbó. Bí a bá fi ère lọ̀ ọ́, kò ní gbà bí Ìrókò inú àlọ́ ti gbà.

Igi náà fúnra rẹ̀

Kí ènìyàn tó sọ iye tí òun jẹ, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ẹni tí òun jẹ. Oríṣi igi méjì ni àwọn onímọ̀ nípa ewéko kà mọ́ ìrókò. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù, Milicia excelsa, gba ilẹ̀ Áfíríkà já láti ìwọ̀-oòrùn títí dé Mòsáḿbíìkì ní ìlà-oòrùn. Èkejì, Milicia regia, kò kọjá agbègbè tí ó wà láàrin Sẹ̀nẹ̀gàl àti Gánà, àjọ àgbáyé tí ń ṣàkọsílẹ̀ ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu sì ti kà á mọ́ wọn láti ọdún 1998. Odum ni àwọn Akan ní Gánà ń pè é. Ṣùgbọ́n orúkọ tí àwa Yorùbá fún un ni àwọn oníṣòwò gẹdú mú wọ ọjà àgbáyé, tí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rí fi ń ra ilẹ̀kùn àti tábìlì. Orúkọ náà ń tàn kálẹ̀ bí igi náà ti ń dínkù nínú igbó.

Ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń lé e kò le. Ikán kì í fẹ́ jẹ inú igi rẹ̀, omi kì í tètè bà á jẹ́, ó sì lè ga tó mítà 50. Ohun àrà mìíràn tún wà nínú rẹ̀ tí àwọn alágbẹ̀dẹ àyùn mọ̀ dáadáa: òkúta a máa dì sínú igi náà, ayùn a sì máa ku tí ó bá bá a pàdé. Ìwádìí tí a ṣe ní Côte d'Ivoire ti fi hàn pé ìrókò, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ẹ̀dá àìfojúrí inú ilẹ̀, a máa sọ díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ èédú tí ó fà sínú di òkúta ẹfun, nínú igi àti nínú ilẹ̀ tí ó yí i ká. Igi tí àwọn baba wa ń wé aṣọ funfun mọ́ nídìí, tí wọn kì í gé láìrúbọ, ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún ayé tí ojú kò tètè rí.

Ohun méjì mìíràn nípa ìrókò ni ó ṣe pàtàkì jù fún ọ̀rọ̀ wa. Èkíní ni pé akọ ìrókò wà, abo ìrókò sì wà. Igi kan kì í ṣe akọ kí ó tún ṣe abo. Abo nìkan ni ó ń so, kò sì lè so èso tí ó ní kóró tí yóò hù àfi bí atẹ́gùn bá gbé ìyẹ̀fun òdòdó akọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èkejì ni pé kóró ìrókò kéré púpọ̀, kò ju nǹkan bíi mìlímítà 2 lọ, àdán sì ni olórí àwọn tí ń gbé e káàkiri. Àdán a jẹ èso náà ní òru, a fò lọ, a sì yàgbẹ́ kóró sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò rán an.

Bí kóró bá wà, kí ló dé tí a kò kàn gbìn ín? Wọ́n gbìn ín, ó sì hù. Ṣùgbọ́n kòkòrò kékeré kan wà tí a ń pè ní Phytolyma. Ọmọ kòkòrò náà a wọ inú ewé tàbí ọ̀mùnú ìrókò kékeré, ibẹ̀ a wú di kókó. Nígbà tí kókó náà bá bẹ́, ó di ọ̀nà fún olu tí ń mú nǹkan jẹrà, orí igi náà a sì kú dànù. Bí a bá kó ìrókò kékeré jọ sí oko kan lábẹ́ oòrùn gbangba, ńṣe ni a tẹ́ tábìlì fún kòkòrò yìí. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ oko ìrókò tí a dá láti ìgbà ìjọba amúnisìn fi forí ṣánpọ́n.

Ọgbọ́n ẹ̀ka gbígbìn

Kò sí àgbẹ̀ ilẹ̀ wa tí ẹ̀ka gbígbìn yóò yà lẹ́nu. Igi ni a ń gé tí a fi ń gbin pákí. Ọmọ ìdí rẹ̀ ni a fi ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ègé ìrèké ni a fi ń gbin ìrèké. Ohun tí ó ṣòro ni láti mú kí igi ńlá inú igbó gba irú ìlànà bẹ́ẹ̀.

Arère ni a kọ́kọ́ fi ọgbọ́n yìí ṣe iṣẹ́ ńlá ní ilẹ̀ wa. Arère kì í yọ òdòdó púpọ̀ ní ọdọọdún, kòkòrò àti olu a máa ba kóró rẹ̀ jẹ́, èyí tí ó bá sì yè kì í pẹ́ kí ó tó sọ agbára híhù nù. Nítorí náà, ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ní ibùdó ìwádìí nípa igbó tí ó wà ní Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Scotland, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ègé ẹ̀ka tí ó ní ewé gbin arère. Roger Leakey, tí ó wà lára àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tún ṣe àtúnṣe sí àpótí kan tí kò nílò iná mànàmáná tàbí omi ẹ̀rọ. Férémù igi ni. Ọ̀rá ni a fi bò ó yíká. Òkúta, wẹ́wẹ́ òkúta àti yanrìn ni a tò sínú rẹ̀, omi sì wà ní ìsàlẹ̀. Omi náà a máa gòkè díẹ̀díẹ̀ gba inú yanrìn, ọ̀rá kò sì ní jẹ́ kí ọ̀rinrin sá lọ. Àgbẹ̀ abúlé lè kàn án fúnra rẹ̀.

Ìṣòro tí àpótí náà ń yanjú rọrùn láti ṣàlàyé. Ègé ẹ̀ka tí kò tíì ní gbòǹgbò kò lè mu omi tó bó ti yẹ, bẹ́ẹ̀ ni ewé ara rẹ̀ ń sọ omi nù. Bí a bá já gbogbo ewé náà kúrò, kò ní sí ohun tí yóò máa ṣe oúnjẹ tí gbòǹgbò tuntun yóò fi yọ. Bí a bá sì fi ewé náà sílẹ̀ bí ó ti tóbi tó, yóò gbẹ kú. Nítorí náà, apá kan ewé ni a ń gé kúrò. Ní ti arère, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 50 níbùú-lóròó ni ó bá a lára mu jù. Nígbà tí D. A. Ofori àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí wọn lórí ìrókò jáde ní 1996, ohun kan náà ni wọ́n rí: ègé tí kò ní ewé kò ta gbòǹgbò, èyí tí ó ní ewé ni ó ta.

Ọgbọ́n yìí ṣí ilẹ̀kùn kan fún ìrókò. Àwọn onímọ̀ ní Gánà ṣàkíyèsí pé kì í ṣe gbogbo ìrókò ni Phytolyma ń pa bákan náà. Ọmọ àwọn igi kan a máa fara dà á, kókó tí ó yọ lára wọn kò sì ní dí wọn lọ́wọ́ àtidàgbà. Bí a bá rí irú igi bẹ́ẹ̀, ẹ̀ka gbígbìn ni ọ̀nà tí ó yá jù láti sọ ọ́ di ẹgbẹ̀rún. Kóró kò lè ṣèlérí bẹ́ẹ̀, nítorí pé baba wà nínú ọ̀rọ̀ kóró, a kì í sì í mọ baba náà. Nígbà tí ọgbọ́n bá ti rọrùn tó báyìí ni ìbéèrè ìwà wọlé dé.

Ohun tí ẹ̀ka ń rántí

Àwọn àgbà ní kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò, nítorí bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ọ̀rọ̀ títọ́ ọmọ ni a sábà máa ń fi òwe yìí sọ. Àwọn tí ń fi ẹ̀ka gbin ìrókò ti wá rí i pé òtítọ́ ni nípa igi náà gan-an. Ègé tí a gé lára ìrókò kékeré a máa ta gbòǹgbò dáadáa. Èyí tí a gé ní orí ìrókò arúgbó, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń ta. Ẹ̀ka máa ń rántí ọjọ́ orí igi tí a ti gé e.

Ó tún máa ń rántí ipò rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti fi ẹ̀ka gbin kọfí mọ èyí: ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ tí a gbìn kò ní di igi tí ó dúró ṣánṣán, ẹ̀gbẹ́ ni yóò máa yà sí bí ẹni pé ó ṣì wà lára ìyá rẹ̀. Kòkó tí a fi ẹ̀ka òkè gbìn náà a máa pẹ̀ka láti ìsàlẹ̀ wá bí igbó kékeré. Ẹ̀ka tí a gbìn kì í ṣe ẹ̀dá tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ ayé ní ọjọ́ tí ó kan ilẹ̀. Igi àtijọ́ ni, tí ó ń bá ayé rẹ̀ lọ ní ibòmíràn.

Ìṣòro kan ti ibẹ̀ jáde. Igi tí a fẹ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti dàgbà kí a tó mọ̀ pé ó dára: pé ó dúró gbọọrọ, pé kòkòrò kò rí i gbé ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fi mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ kò ní fẹ́ ta gbòǹgbò mọ́. Ọ̀nà tí ó dájú jù láti gba ọ̀mùnú ọ̀dọ́ lára àgbà igi ni kí a gé e lulẹ̀, kí kùkùté rẹ̀ rú ẹ̀hù, kí a sì gé ẹ̀hù náà gbìn. Ìyẹn ni pé kí a tó lè ṣe ẹ̀dà àgbà, a óò kọ́kọ́ bẹ́ ẹ lórí.

Ǹjẹ́ ó tọ́? Ẹlòmíràn yóò ní igi kan kú, ẹgbẹ̀rún sì rọ́pò rẹ̀. Kí ni ó burú níbẹ̀? Ìdáhùn mi ni pé ó burú bí ó bá jẹ́ igi tí ń so èso fún àdán ní igbó tí ìrókò kò ti ju mélòó kan lọ. Ṣùgbọ́n àwọn kùkùté wà nílẹ̀ tí agégẹdú ti gé kí a tó débẹ̀, tí wọ́n ń rú ẹ̀hù láìsí ẹni tí ó bojú wò wọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ san gbèsè kò gbọdọ̀ tún lọ yá òmíràn lọ́wọ́ ẹni tí ó jẹ. Ibi tí ọgbẹ́ ti wà tẹ́lẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀dà kì í ṣe ọmọ

Nínú ìrònú Yorùbá, ọmọ kì í ṣe ẹ̀dà ìyá rẹ̀, bí ó ti wù kí ó jọ ọ́ tó. Ó yan orí tirẹ̀ kí ó tó wá sáyé. Ìbejì pàápàá, tí a bí ní ọjọ́ kan náà, orí wọn yàtọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń lọ béèrè àkọsẹ̀jayé ọmọ tuntun, tí a kò ní kí a máa lo ti bàbá rẹ̀. Bí a bá fi òye yìí wo kóró ìrókò, a óò rí i pé ó bá a mu: kóró kọ̀ọ̀kan gba díẹ̀ lọ́wọ́ akọ, ó gba díẹ̀ lọ́wọ́ abo, ó sì di ohun tí kò sí rí. Ẹ̀ka tí a gbìn kò yan nǹkan kan. Orí ìyá rẹ̀ ni ó ṣì gbé rù.

Kí ni èyí já mọ́ fún igbó? Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń pè ní ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe ọmọ ní ìtumọ̀ tí a ń lò níhìn-ín. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan náà ni ó tún gbérí láti abẹ́ ilẹ̀. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, oríṣi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan ṣoṣo tí ń jẹ́ Gros Michel ni ó gba ọjà àgbáyé. Olu kan tí ń gbé inú ilẹ̀ kọ lù ú ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà. Nítorí pé gbogbo wọn jẹ́ ọ̀kan náà, ohun tí ó pa ọ̀kan ni ó pa gbogbo wọn. Nígbà tí ó fi di àwọn ọdún 1960, àwọn oníṣòwò ti pa á tì, wọ́n sì ti fi òmíràn tí ń jẹ́ Cavendish rọ́pò rẹ̀. Òun náà, ẹ̀dà ni. Ẹ̀yà olu náà mìíràn ti ń pa á báyìí. A rí i ní Mòsáḿbíìkì ní 2013. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rọ́pò ìyá rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó rọ́pò rẹ̀ nínú àìlera rẹ̀ pẹ̀lú.

Àgbẹ̀ wa náà rí i lára pákí. Àrùn tí ń mú ewé pákí lọ́ pọ̀ tí ó sì ń sọ ọ́ di àwọ̀ ìyeyè a máa bá igi tí a gé gbìn wọ oko tuntun. Ẹni tí ó gba igi pákí lọ́wọ́ aládùúgbò gba àrùn rẹ̀ mọ́ ọn.

Ní ti ìrókò, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá mú igi kan ṣoṣo tí ó dára jù, tí a sì fi ẹ̀ka rẹ̀ gbin oko tí ó tó ẹgbẹ̀rún igi, ẹgbẹ̀rún náà yóò jẹ́ akọ, tàbí kí gbogbo wọn jẹ́ abo. Bí akọ ni wọ́n, wọn kò ní so láéláé. Bí abo ni wọ́n, tí akọ kankan kò sì sí nítòsí, ìyẹ̀fun kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọn yóò ga, wọn yóò tutù, ẹni tí ń kọjá lọ yóò sì pè wọ́n ní igbó. Ṣùgbọ́n ère ni wọ́n. Òwe tí gbogbo wa mọ̀ sọ pé igi kan kì í dá igbó ṣe. Mo fẹ́ fi kún un pé igi kan tí a sọ di ẹgbẹ̀rún ṣì jẹ́ igi kan.

Ìdí kejì tí ẹ̀dà kò fi tó ni ọ̀la. Òwe ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa difá ọrọọrún. Ìrókò tí ó dára jù ní ojú wa lónìí ni èyí tí ó gbọọrọ, tí pákó rẹ̀ pọ̀, tí Phytolyma òní kò lè pa. Ṣùgbọ́n kòkòrò náà ń bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń yàtọ̀ síra. Òjò ń yí padà. Igi wíwọ́ tí agégẹdú fojú fò dá, òun ni ó lè jẹ́ pé ó mọ bí a ti í fara da ọ̀dá. Bí a bá jẹ́ kí ẹ̀ka gbígbìn sọ wá di ẹni tí ń yan èyí tí ó wù wá nìkan, a óò fún àwọn ọmọ wa ní igbó tí ó dáhùn ìbéèrè wa, tí kò sì ní ìdáhùn sí tiwọn.

Ohun tí alátakò lè sọ

Ẹnìkan lè bi wá pé: ṣé ìgbà tí igi ń tán lọ ni ó yẹ kí a máa yan irú ìsanpadà tí ó wù wá? Ẹni tí omi ń gbé lọ kì í béèrè bóyá igi tí òun dì mú tọ́ tàbí ó wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí lágbára. Níbi tí kóró kò sí, tàbí tí kóró hù tí kòkòrò pa á, ègé ẹ̀ka ni ó lè gba igi náà sílẹ̀. Èmi kò sọ pé kí a pa á tì. Àwọn onímọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ arère ní Ìbàdàn kò gé igi kan ṣoṣo; wọ́n kó àbùdá jọ láti agbègbè púpọ̀ tí arère ti ń hù. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lórí ìrókò ní Gánà sì gbani níyànjú pé kí a gbìn ín mọ́ àárín àwọn igi mìíràn, kí ó má ṣe dá wà ní oko tirẹ̀. Irinṣẹ́ kan náà ni, ìlò rẹ̀ ni ó yàtọ̀. Ọ̀bẹ tí a fi gé ẹ̀ka láti ara igi kan lè gé e láti ara ogójì, akọ àti abo, èyí tí ó gún àti èyí tí ó wọ́. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni iṣẹ́, àkókò àti owó tí a ṣe tán láti ná. Níbẹ̀ ni a ti ń mọ ẹni tí ó fẹ́ san gbèsè yàtọ̀ sí ẹni tí ó kàn fẹ́ kí a yé sin òun lówó.

Òfin pàápàá lè ti ènìyàn sí ọ̀nà ère. Ní Gánà, òfin tí a ṣe ní 1962 fi igi gẹdú tí ó hù fúnra rẹ̀ sí ọwọ́ Ààrẹ, gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú fún àwọn tí ó ni ilẹ̀. Àgbẹ̀ tí odum hù sí àárín kòkó rẹ̀ kò ní ìpín nínú owó rẹ̀. Ohun tí ó kàn án ni kòkó tí agégẹdú yóò wó nígbà tí wọ́n bá wá gé e. Kò yani lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi àdá pa ọmọ odum kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ní 2002, àtúnṣe òfin sọ pé ìjọba kò ní fún agégẹdú ní ẹ̀tọ́ lórí igi tí ẹnìkan gbìn. Àtúnṣe náà dára, nítorí pé ó fún ẹni tí ń gbin igi ní ọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó tún ń sọ: igi tí a fi ọwọ́ gbìn di tèmi, èyí tí àdán gbìn kò di tèmi. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rí bẹ́ẹ̀, ère ni a óò máa tọ́jú, ọmọ ni a óò máa fi àdá pa.

Àwa tí a ń kọ́ni ní èdè kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí. Yorùbá àjùmọ̀lò tí a fi ń kọ ìwé, tí a sì fi ń kọ́ni ní ilé-ìwé, ẹ̀ka tí a yàn láti ara igi ńlá ni. A yàn án dáadáa. Òun ni ó jẹ́ kí ará Oǹdó àti ará Ẹ̀gbá lè ka ìwé kan náà. Ṣùgbọ́n bí a bá rò pé nígbà tí àjùmọ̀lò bá ti wà láàyè, èdè Yorùbá ti bọ́ lọ́wọ́ ewu, a ti ṣe àṣìṣe ẹni tí ó ka ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà sí igbó. Ọ̀rọ̀ tí ó ti kú ní ilé-ìwé lè ṣì wà láàyè lẹ́nu àgbẹ̀ Ìkálẹ̀ tàbí ará Kétu. Kí a gba ohùn àgbàlagbà kan tí ó kù tí ó ń sọ èdè kan sílẹ̀ dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n èdè kò tíì yè àfi bí àwọn ọmọdé bá ń fi í sọ ohun tí àgbàlagbà náà kò sọ rí.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí a ti ń bọ̀ wá sọ ni pé orúkọ méjì ni ìsanpadà ní, kò sì yẹ kí a pa wọ́n pọ̀. Bí a bá fi ẹ̀ka gbin ìrókò, a ti dá ohun tí ó sọnù padà ní ìrísí. Ó ṣe é ṣe kí ìyẹn tó fún ẹni tí ń wá pákó. Fún igbó, kò tó, nítorí pé ohun tí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ìtì igi nìkan. Agbára tí igbó ní láti máa bí ohun tí kò sí tẹ́lẹ̀ ni a gbà. Òun náà ni a gbọ́dọ̀ dá padà.

Nítorí náà, mo dá a lábàá pé kí a máa fi ìwọ̀n mẹ́ta wọn iṣẹ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá ní òun ń fi ẹ̀ka gba igi là. Èkíní, ìyá mélòó ni ó ti gé ẹ̀ka, ṣé akọ àti abo sì wà nínú wọn? Èkejì, ṣé ó gé wọn láìdá ọgbẹ́ tuntun sí ara àwọn igi tí ó ṣẹ́ kù? Ẹ̀kẹta, ṣé ibi tí ó gbìn wọ́n sí jẹ́ ibi tí òdòdó wọn ti lè rí ara wọn, tí ẹni tí ó ni ilẹ̀ náà yóò sì jẹ́ kí ọmọ tí wọ́n bá bí dàgbà? Ẹni tí ó bá yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti bẹ̀rẹ̀ sí í san gbèsè. Ẹni tí kò bá yege lè ní oko gẹdú tí ó dára, kò sì burú. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe sọ fún wa pé òun ti dá igbó padà.

Kò sí ẹni nínú àwa tí a wà láyé lónìí tí yóò fúnra rẹ̀ rí i pé gbèsè náà tán. Àmì rẹ̀ kò ní hàn nínú àkọsílẹ̀ iye igi tí a gbìn. Yóò hàn ní òru kan, nígbà tí abo ìrókò kan tí a fi ẹ̀ka gbìn bá so, tí àdán bá jẹ èso rẹ̀, tí ó sì gbé kóró lọ sí ibi tí a kò yàn, kí igi kan hù níbẹ̀ tí kò jọ èyíkéyìí nínú àwọn tí a yàn.